Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ Tí Ó Ti Dàgbà: Ojúṣe Ta Ni?

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 21:8–21, 1 Sámúẹ́lì 2:18–20, Máàkù 7:9–13

Kókó ẹ̀kọ́: Ọjọ́ ìbí ọmọ lè dín agbára òfin kù, ṣùgbọ́n kò fi òpin sí iṣẹ́ òbí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe àdéhùn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní ìgbà yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní gbangba nínú ẹgbẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó, ilé tí tọkọtaya ti ń gbé pọ̀ ni a máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí ilé wọn ti túká. Ti àwọn kan, kóòtù ni ó tú wọn ká. Ti àwọn mìíràn, ọkọ kàn kó ẹrù rẹ̀ jáde ni, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré, owó oúnjẹ díẹ̀ ṣì ń wọlé láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Nígbà tí ọmọ wá wọ yunifásítì tàbí pólì, tí owó ńlá dé, ìgbà náà gan-an ni bàbá ń sọ pé, "Ó ti di àgbà, kí ó lọ wá iṣẹ́ ṣe." Ó wá ku ìyá nìkan pẹ̀lú ọjà rẹ̀ ní Ìtòkú tàbí ní Láfẹ́nwá.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: nígbà tí ọmọ bá ti lé ní ọdún méjìdínlógún, tí ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sì gbé pọ̀ mọ́, ta ni ó yẹ kí ó san owó rẹ̀? Kí ni òfin ilẹ̀ wa wí? Kí sì ni àwa fúnra wa lè ṣe?

1. OÚNJẸ ÀTI ÌGÒ OMI KAN

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé ọmọ ọwọ́ ni Íṣímáẹ́lì nígbà tí Ábúráhámù rán òun àti Hágárì ìyá rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Orí 16 sọ fún wa pé ẹni ọdún 86 ni Ábúráhámù nígbà tí a bí Íṣímáẹ́lì. Orí 21 sọ pé ẹni 100 ọdún ni nígbà tí a bí Ísáákì. Níbi àsè tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n já Ísáákì lẹ́nu ọmú ni ọ̀rọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Íṣímáẹ́lì ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti ń yípadà ni.

Ọlọ́run ni ó ní kí Ábúráhámù gba ohun tí Sárà wí, Bíbélì sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun Ábúráhámù gidigidi nítorí ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, Bíbélì kò fi ìwọ̀n ohun tí ó dì fún wọn pa mọ́. Ọkùnrin tí ó ní màlúù, àgùntàn, wúrà àti fàdákà, oúnjẹ àti ìgò omi kan ni ó gbé lé obìnrin náà ní èjìká. Kò pẹ́ tí omi fi tán ní aginjù.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, ohùn ọmọ náà ni Ọlọ́run gbọ́. Kò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó tó fi kànga han ìyá rẹ̀. Èkejì, ìyá nìkan ni ó tọ́ ọmọ náà parí. Ìyá ni ó tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó fún un láti Íjíbítì, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti bàbá àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ níbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ̀kẹta, nígbà tí Ábúráhámù kú, Íṣímáẹ́lì wá, òun àti Ísáákì ni wọ́n jọ sin bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí orí 25 ti wí. Bàbá tí ó ń sọ lónìí pé ọmọ ti dàgbà, kí ó rántí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Ẹ wo Hánà náà. Sámúẹ́lì kò sí nílé mọ́, ó wà ní Ṣílò lọ́dọ̀ Élì. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ìyá rẹ̀ ń dá aṣọ kékeré tuntun fún un tí ó sì ń mú un lọ. Aṣọ èṣí kò lè bá ọmọ tí ó ń dàgbà mu. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí kóòtù dá fún ọmọ tí ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè tó o nígbà tí ó bá dé yunifásítì.

2. KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN NÍ ILẸ̀ Ẹ̀GBÁ

Àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí òbí máa náwó lé ọmọ tí ó ti bàlágà lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ Abeokuta Grammar School ní 1914. Ní 1919, nígbà tí kò tí ì pé ogún ọdún, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ kàwé sí i, ó sì padà wálé ní 1922. Ní ayé ìgbà náà, ọmọbìnrin tí ó tó bẹ́ẹ̀ ti tó ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n wọn kò wí pé ó ti dàgbà jù.

Láti ìgbà pípẹ́ sì ni àwọn ìyá ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń fi owó àdìrẹ, gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì Ọ̀fàdà rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé bàbá nìkan ni ó ni gbèsè yìí. Ti àwọn méjèèjì ni. Ohun tí a ń wí ni pé kò yẹ kí ẹnì kan gbé e nígbà tí ẹnì kejì ń wòran.

3. OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀.

(a) Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin yìí ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Ó fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí òbí tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ni òfin yìí ń pè ní ọmọ.

(b) Òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970. Èyí wà fún àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ní rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so ìgbéyàwó. Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Abala 70 òfin náà sọ pé kí adájọ́ wo ohun ìní àwọn òbí, agbára wọn láti rí owó, àti ìwà wọn, kí ó tó pàṣẹ owó ìtọ́jú. Abala yìí kan náà sọ pé adájọ́ kò ní pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 21, àfi bí ó bá rí i pé ọ̀ràn ọmọ náà ní ìdí pàtàkì kan tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Abala 71 sọ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ rò nínú ọ̀ràn ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Abala 73 sì fún adájọ́ ní agbára láti ní kí a san owó náà lẹ́ẹ̀kan, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí lóṣooṣù, tàbí lọ́dọọdún, àti láti yí àṣẹ rẹ̀ padà bí nǹkan bá yí padà.

(d) Kóòtù ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣe ìdána nìkan, tí kò sí ìwé ẹ̀rí, ń lọ. Adájọ́ ibẹ̀ náà máa ń pàṣẹ owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé. Nínú àṣà wa, bàbá ni a máa ń sọ pé ó ni ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ó bá wí pé òun ni òun ni ọmọ, kí ó mọ̀ pé òun náà ni ó ni ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

4. Ẹ JẸ́ KÍ A KA ỌDÚN

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó wọ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ó wọlé láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdún márùn-ún ni yóò sì fi kọ́ ọ. Kí ó tó wọ ọdún kejì, ó ti pé 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó bá wà ní ọdún kẹrin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní oko, ó ti pé 21. Ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ẹ fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ kò ṣẹ̀, bàbá kò ṣẹ̀, ìyá kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ti pólì: ọdún méjì fún ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ níta, ọdún méjì mìíràn fún ìwé ẹ̀rí gíga.

Njẹ́ ẹ̀kọ́ tí kò tí ì parí tó ìdí pàtàkì tí òfin ń sọ? Ọwọ́ adájọ́ ni òfin fi ìyẹn sí, bí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró títí ọmọ fi pé 21 kí ó tó lọ béèrè, ó ti fi ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn sílẹ̀, ó sì mú èyí tí ó ṣòro.

5. BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É LÓKÈ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ àti ẹbí lókè òkun, nítorí náà ó dára kí a mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kò rọrùn níbẹ̀ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọmọdé ti 1989 gba ọmọ tí ó ti lé ní 18, tí ó ṣì ń kàwé, tí àwọn òbí rẹ̀ kò gbé pọ̀, láàyè láti lọ béèrè owó ìtọ́jú ní kóòtù.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ní 1982, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní New Jersey sọ pé òbí tí ó ní agbára lè san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ rẹ̀. Ó ka àwọn ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò: agbára òbí, ọpọlọ ọmọ, owó ìrànwọ́ tí ọmọ lè rí, àti bí àárín ọmọ àti òbí náà ti rí. Ní Pennsylvania, ìdàkejì ni. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin ní 1993 pé kí òbí tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 1995, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e. Ohun tí ó wí ni pé kò sí òfin tí ó fi ipá mú bàbá àti ìyá tí wọ́n ṣì wà pọ̀ láti san án, kí ló dé tí a óò fi ipá mú àwọn tí wọ́n ti pínyà?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ilé wa. Nígbà tí bàbá àti ìyá bá wà pọ̀, ọmọ ń rí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú bàbá ń rí bàtà tí ó ti já. Nígbà tí wọ́n bá pínyà, ojú kò rí mọ́. Ohun tí ojú kò rí ni a fi ń kọ ọ́ sínú ìwé.

6. OHUN TÍ A LÈ ṢE

(a) Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá wà ní ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì ni kí ọ̀rọ̀ yunifásítì ti wọ inú àdéhùn.

(b) Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, owó ọkọ̀. Ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí agbára ti mọ. Bí ìnáwó ọdún kan bá jẹ́ ₦600,000 (a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni), tí owó tí bàbá ń rí sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìyá, bàbá á san ₦400,000, ìyá á san ₦200,000. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ni owó ń wọlé fún jù, kí ó gbé èyí tí ó pọ̀, kí ó má ráhùn.

(d) Ẹ sọ òpin rẹ̀. Ẹ má fi òpin sí ọjọ́ ìbí, ẹ fi sí ìparí ẹ̀kọ́: ìwé ẹ̀rí yunifásítì àkọ́kọ́ tàbí ìwé ẹ̀rí gíga ti pólì, pẹ̀lú àkókò tí ìyanṣẹ́lódì bá jẹ. Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá kùnà tàbí tí ó bá yí iṣẹ́ tí ó ń kọ́ padà. Bàbá tí ó bá rí òpin gbèsè á fi ọkàn balẹ̀ san án.

(e) Ẹ jẹ́ kí lọ́yà gbé àdéhùn náà síwájú adájọ́ kí ó lè di ìdájọ́. Àdéhùn ẹnu níwájú ẹbí dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lè ti lọ kí ọmọ tó ṣe tán.

(ẹ) Ẹ jẹ́ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ara yín. Bàbá tí ń bẹ̀rù pé aṣọ ẹgbẹ́ ni ìyá yóò fi owó náà rà kò ní ní àwáwí mọ́.

(f) Ẹ má dá nìkan lọ. Nígbà tí àwọn ìyá ilẹ̀ Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin láti 1947 sí 1949, wọn kò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí a ń pè ní FIDA ní ẹ̀ka ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wẹ́fíà ìjọba náà sì wà. Ẹ lọ bá wọn, ẹ mú arábìnrin kan dání.

(g) Ẹ má fi owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ bo bàbá láṣìírí. Láti 2024 ni àjọ NELFUND ti ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ní owó láìgba èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ₦20,000 lóṣù ni owó ìtọ́jú ara tí wọ́n ń fún ọmọ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ọmọ ni yóò san án padà lẹ́yìn tí ó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí ó sì rí iṣẹ́. Kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí bàbá àti ìyá lè gbé, kí a tó gbé èyí tí ó kù lé ọmọ lọ́rùn.

7. TI ỌMỌ, ÀTI TI ÌJỌ

Ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó fi èsì ìdánwò rẹ̀ han òbí méjèèjì. Kí ó máa kí bàbá rẹ̀ nígbà tí kò nílò owó. Àwa ìyá ni ó sì yẹ kí a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ kò ní láárí, báwo ni yóò ṣe rán an lọ gba owó lọ́dọ̀ bàbá náà? Kí a má sì sọ ọmọ di ìránṣẹ́ ìjà wa. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ni í fara gbá. Ọ̀rọ̀ owó, àwọn àgbà ni kí ó bá àgbà sọ ọ́.

Ní Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn kan wí tí wọ́n ń sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú òbí wọn di ọrẹ Ọlọ́run, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà sí ti òbí. Bàbá kan lè dìde níbi ìkórè, kí ó dá owó ńlá, kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, nígbà tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ jáde nínú yàrá ìdánwò nítorí owó tí kò tó ìdajì èyí. Bí a bá mọ̀, tí a sì dákẹ́, a ti bá a dì í mọ́ omi inú ìgò Hágárì ni. Àwọn àgbà ìjọ lè pè é jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ìtìjú ìjọ bí a bá sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ lọ san owó ọmọ rẹ̀.

Arábìnrin tí ilé rẹ̀ túká kò gbọ́dọ̀ máa jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé wa. Kí kọpẹ́rétíìfù ẹgbẹ́ yá a lówó nígbà tí sáà ilé-ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí a sì má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìsọ̀kúsọ nídìí ìsọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ilé náà ìbáà jẹ́ ti bàbá, ìbáà jẹ́ ti ìyá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó dé tí a fi ń rò pé ọmọ ọwọ́ ni Íṣímáẹ́lì? Báwo ni ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe yí ìtàn náà padà fún wa?

2. Bí bàbá kan bá ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ní àwọn ọmọ kékeré mìíràn, kí ni ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

3. Ọ̀nà wo ni ẹgbẹ́ wa lè gbà ran ìyá kan lọ́wọ́ láti lọ sí kóòtù, láìsọ pé a ń dá ìjà sílẹ̀?

4. Ẹ jọ kọ àdéhùn kan sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò wọ pólì ní ọdún tí ń bọ̀. Kí ni yóò wà nínú rẹ̀?

Àdúrà: Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà ní aginjù gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wa. Kí ó rọ ọkàn àwọn bàbá, kí ó fún àwọn ìyá ní ọgbọ́n àti sùúrù, kí ó sì la ojú wa sí kànga tí ó wà nítòsí. Àmín.